Bí a ṣe ń yan storage heater tuntun, tí a sì ń yọ ti àtijọ́ kúrò nílé ní Ìlú Ọba

Nínú ọ̀pọ̀ fúláàtì tí kò ní gáàsì ní Ìlú Ọba, storage heater ló ń lé òtútù: àpótí irin gbọọrọ tó dúró ti ògiri, tó ń gba iná lóru, tó sì ń tú ooru sílẹ̀ lọ́sàn-án. Tí bílù bá wọlé lóṣù January, òun ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ẹni tó ń sanwó á lọ ra hítà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń polówó pé kì í jẹ iná, á ní kí wọ́n yọ ti àtijọ́ dànù. Nígbà tí bílù mìíràn bá dé, á rí i pé owó tún gòkè sí i. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Gbogbo hítà oníná, olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú, yúníìtì kan tó bá wọlé ni wọ́n ń sọ di ooru yúníìtì kan géérégé. Heat pump, ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti ìta wọlé, nìkan ló ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní storage heater ni pé òru ló ń ra iná tirẹ̀, nígbà tí owó yúníìtì bá wálẹ̀. Ẹni tó bá fi hítà pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀ ti gbé ooru ilé rẹ̀ kúrò lórí owó òru bọ́ sórí owó ọ̀sán nìyẹn.

Bíríkì ló kún inú rẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé, bí kò ṣe èyí tó ki tó sì wúwo gidigidi. Élímẹ́ǹtì, irin tí iná ń mú gbóná, gba àárín wọn kọjá. Lóru, élímẹ́ǹtì yìí á mú bíríkì gbóná kọjá 500°C, ohun ìdènà ooru tó yí wọn ká kò sì ní jẹ́ kó tètè jáde. Bí àdògán ṣe máa ń gbóná títí lẹ́yìn tí wọ́n ti fa igi jáde lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bíríkì náà ṣe ń tú ooru sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ di alẹ́. Ọdún 1978 ni ètò Economy 7 bẹ̀rẹ̀, tó ń ta iná ní ẹ̀dínwó fún wákàtí 7 lóru. Lórí ètò yẹn ni gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Mítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò

Ẹ má tíì wo hítà kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ síbi tí mítà wà, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà méjì ló ń gbé jáde. Lára mítà àtijọ́, wọ́n lè kọ Low àti Normal, tàbí Night àti Day. Smart meter sábà máa ń kọ Rate 1 àti Rate 2. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ tún kọ wọ́n tí ẹ bá jí. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù tí hítà ń ṣiṣẹ́, èyí tó fò sókè jù ni ti òru. Ẹ wá mú bílù, kí ẹ wò ó bóyá orí nọ́ńbà yẹn náà ni wọ́n ti ń gba owó kékeré. Ó ń ṣẹlẹ̀ pé kí wọ́n gbé méjèèjì sódì nínú ìwé, kí oníbàárà máa san owó ọ̀sán lórí iná òru láìmọ̀. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ ya fọ́tò mítà lálẹ́ àti láàárọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ iná yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣírò owó tẹ́ ẹ ti san kọjá padà fún yín.

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mítà ní, owó kan náà lẹ̀ ń san tọ̀sán tòru, kò sì sí àǹfààní kankan tí storage heater ń ṣe fún yín. Ẹ yí ètò owó iná padà kí ẹ tó náwó sórí hítà.

Wákàtí òru kò dọ́gba káàkiri. Agbègbè kan lè bẹ̀rẹ̀ ní aago 11 alẹ́, kí òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní 12:30 òru. Ọ̀pọ̀ mítà ni kì í bá wọn sún aago síwájú lóṣù March, GMT ni wọ́n ń bá lọ jálẹ̀ ọdún. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀dínwó tó ń parí ní 7:30 àárọ̀ nígbà òtútù á máa parí ní 8:30 lójú aago yín nígbà ooru. Ẹ bi ilé iṣẹ́ iná, kí ẹ kọ wákàtí náà sára bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà. Ẹ máa nílò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń to aago hítà tuntun.

Àwọn mítà kan wà tó jẹ́ rédíò ló ń sọ fún wọn pé òru ti tó: ìgbì longwave BBC, 198 kHz. Láti 30 June 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ètò náà, láti agbègbè kan sí òmíràn. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wá pààrọ̀ irú mítà yìí fún yín, ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹni tó wá ṣe é kó tó tú wáyà kankan: ṣé five-terminal ló gbé wá? Mítà ẹlẹ́nu márùn-ún ní ẹnu ọ̀tọ̀ kan tó máa ń tan iná hítà tí òru bá dé, tó sì ń pa á tí ilẹ̀ bá mọ́. Tí kò bá sí ẹnu karùn-ún yìí, tí wọ́n sì so wáyà hítà pọ̀ mọ́ ti ilé yòókù, hítà àtijọ́ tí kò ní aago tirẹ̀ á máa gba iná tọ̀sán tòru, owó ọ̀sán lẹ ó sì máa san lé e. Tí wọ́n bá sì fi wáyà hítà sílẹ̀ láìso, kò ní gbóná rárá. Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà lọ títí ẹ ó fi rí i kó dán ọ̀nà hítà wò lójú yín.

Ìṣirò kan tún kù. Owó ọ̀sán lórí Economy 7 sábà máa ń ga ju owó ètò olówó kan lọ. Ká ní ètò olówó kan jẹ́ 26p, kí ti Economy 7 jẹ́ 15p lóru àti 32p lọ́sàn-án. Ẹ máa rí i pé ó kéré tán, nǹkan bí 35 nínú 100 yúníìtì tí ilé ń jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òru kí Economy 7 tó lè san yín. Iye tiyín lè yàtọ̀, bílù yín lẹ máa fi ṣírò. Ilé tí hítà mẹ́ta àti ìgbóná omi ti ń gba iná lóru máa ń kọjá 35 dáadáa nígbà òtútù. Ilé tí hítà kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè má kọjá rẹ̀.

Ṣé hítà ti bàjẹ́ lóòótọ́?

Storage heater àtijọ́ kò ní ẹ̀yà púpọ̀ tó lè bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í wọ́n bíi tuntun. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù nítorí élímẹ́ǹtì kan.

Ìwọ̀n mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn ti àtijọ́: 1.7 kW tó ní élímẹ́ǹtì 2, 2.55 kW tó ní 3, àti 3.4 kW tó ní 4. Ọ̀kọ̀ọ̀kan élímẹ́ǹtì jẹ́ 850 W. Ẹ lè fi mítà mọ iye tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láìṣí hítà rárá. Ní alẹ́ kan tí bíríkì ti tutù, ẹ pa gbogbo hítà tó kù àti ìgbóná omi, kí ẹ yí Input (bọ́tìnnì tó ń pinnu iye ooru tó máa kó pamọ́) ti hítà tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò dé òpin. Nígbà tí wákàtí òru bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ka mítà, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn wákàtí kan gééré. Hítà oní-3.4 kW gbọ́dọ̀ ti fi yúníìtì 3.4 kún un, pẹ̀lú ìdá kékeré tí fíríìjì jẹ. Bó bá jẹ́ 2.55 lẹ rí, élímẹ́ǹtì kan ti jó. Bó bá jẹ́ 1.7, méjì ti lọ. Oníwáyà tó bá ṣí i á fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn èyí tó jó náà: élímẹ́ǹtì 850 W tó dára máa ń wà láàárín 60 sí 70 ohm, èyí tó ti já kì í gbé nǹkan kan jáde.

Bí mítà kò bá sún rárá, ẹ kọ́kọ́ wo súwíìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, torí wọ́n sábà máa ń pa á nígbà ooru tí wọ́n á sì gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àpótí fíúùsì. Ọ̀pọ̀ fúláàtì ní méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún iná òru nìkan, èyí kejì yìí ni kò sẹ́ni tó ń ṣí. Bí ibẹ̀ náà bá dára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yà ààbò tó ń gé iná nígbà tí ooru bá pọ̀ jù ló ti gé e. Aṣọ tútù tí wọ́n sá lé hítà lórí ló sábà máa ń fa èyí. Ooru kò rí ọ̀nà jáde, inú hítà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ààbò sì gé iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá aṣọ sórí rẹ̀, ẹ má ti àga aláṣọ mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí kọ́tìnì bò ó. Iná ti ti ibẹ̀ sọ nínú ilé rí.

Hítà tó gbóná láàárọ̀ àmọ́ tó ti tutù kí ọjọ́ tó rọ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó kí ẹ tó pe oníwáyà. Input ló ń pinnu iye ooru tó máa kó pamọ́ lóru, Output ló ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tí ooru ń gbà jáde. Bí Output bá wà ní ṣíṣí mọ́jú, ọ̀pọ̀ ooru á ti lọ nígbà tí ẹ ń sùn. Kí ẹ tó wọlé sùn, ẹ dá Output padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ṣí i díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ní wákàtí tí ẹ bá wà nílé. Bí ẹ bá ti ṣe èyí fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sí ìyàtọ̀, ìlẹ̀kùn kékeré náà lè ti há sí ṣíṣí, tàbí kí ohun ìdènà ooru inú rẹ̀ ti gbó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ ra tuntun. Hítà tó ń gbóná janjan bó tilẹ̀ jẹ́ pé Input wà nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ yára pa lára ògiri, torí ẹ̀yà tó ń dá ìgbóná dúró lára rẹ̀ ti kọṣẹ́.

Ìwọ̀n tó yẹ yàrá

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí wọ́n wo nọ́ńbà ara hítà àtijọ́, kí wọ́n sì ra irú ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fèrèsé aláwo kan ni ilé ní nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ẹ ṣírò yàrá náà fúnra yín, ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe ni.

Ẹ mú pálọ̀ kan tó jẹ́ mítà 4 ní fífẹ̀ àti mítà 5 ní gígùn, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 2.4, tí ìta wà lẹ́yìn ògiri kan ṣoṣo, tí aládùúgbò sì ń yáná lókè àti nísàlẹ̀. Ògiri ìta náà jẹ́ 5 × 2.4, èyí ni 12 m². Fèrèsé inú rẹ̀ jẹ́ 2.5 m², ó ku ògiri 9.5 m². Bíríkì gbọnyin tí wọn ò fi nǹkan kan bò máa ń pàdánù nǹkan bí 2.1 W lórí m² kan fún ìyàtọ̀ ìgbóná 1°C, fèrèsé aláwo méjì ti àtijọ́ ń pàdánù nǹkan bí 2.8. Afẹ́fẹ́ inú yàrá jẹ́ 48 m³. Bó bá ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.33. Ògiri jẹ́ 20, fèrèsé jẹ́ 7, afẹ́fẹ́ jẹ́ 16. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí 43 W fún 1°C.

Lọ́jọ́ tí ìta bá jẹ́ 3°C tí yàrá sì wà ní 18°C, ìyàtọ̀ jẹ́ 15. Ẹ sọ 43 di púpọ̀ ní ọ̀nà 15, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú wákàtí 24, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì 15.5. Hítà tó ń gba 2.2 kW fún wákàtí 7 ń kó yúníìtì 15.4 pamọ́, ó tó fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìta bá já sí 0°C, yàrá náà ń fẹ́ yúníìtì 18.6, ẹni tó bá fẹ́ kí hítà gbé e láìfi iná ọ̀sán kún un á lọ sórí 2.76 kW tó ń kó 19.3 pamọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ohun ìdènà òtútù ń ṣe. Bó bá jẹ́ ògiri oníhò láàárín tí wọ́n ti fi nǹkan kún inú rẹ̀, tí ìpàdánù rẹ̀ wá jẹ́ nǹkan bí 0.5, ohun tí yàrá yẹn kan náà ń fẹ́ lọ́jọ́ 3°C á wálẹ̀ sí yúníìtì 10. Hítà 1.56 kW tó ń kó 10.9 ti tó o. Nítorí náà, bí ẹ bá ní owó kan ṣoṣo láti ná lọ́dún yìí, tí ògiri tàbí òrùlé yín sì ṣófo, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná an sí. Fúláàtì tó wà ní òkè pátápátá gbọ́dọ̀ ṣírò àjà rẹ̀ mọ́ ọn, ti ìsàlẹ̀ pátápátá á ṣírò ilẹ̀.

Yàrá ibùsùn kì í sábà nílò storage heater. Wákàtí méjì lálẹ́ àti ọ̀kan láàárọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ ooru níbẹ̀, hítà pẹlẹbẹ 500 W sí 1 kW tó ní aago lè tó o. Pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé storage heater sí. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń mú gbogbo ilé lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má gbé e sí ilé ìwẹ̀, àwọn hítà ti ilé ìwẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Irú tó wà lọ́jà

Láti 1 January 2018, òfin Ecodesign tí wọ́n ń pè ní Lot 20 kò fàyè gba kí ilé iṣẹ́ tún máa gbé storage heater tuntun tó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń yí i jáde. Ti ìsinsìnyí ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná yàrá àti aago ọlọ́sẹ̀ kan, àwọn kan sì ní fáànù tó ń fẹ́ ooru jáde nígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ. High heat retention ni wọ́n ń pe àwọn tó dára jù nínú wọn. Ohun ìdènà ooru wọn nípọn débi pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó lóru ṣì lè wà níbẹ̀ ní aago 8 alẹ́. Dimplex Quantum àti Elnur Ecombi ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Àwọn tó dínwó díẹ̀ tún wà tí kì í pa ooru mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní aago 7 tó ń wọlé ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, high heat retention ni kó rà, bó tilẹ̀ wọ́n, torí ìrọ̀lẹ́ gan-an ni ti àtijọ́ ti máa ń ṣaláìní. Ìyá àgbà tó wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, tó ń fẹ́ ooru wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, lè gbádùn èyí tó dínwó. Ẹ wo bọ́tìnnì rẹ̀ náà kí ẹ tó rà á: bí ojú ẹni tó máa lò ó kò bá ríran dáadáa, hítà tó kún fún àmì wínníwínní kò wúlò fún un.

Ẹ sá fún hítà tí wọ́n ń tà látẹnu ọ̀nà, tó ní amọ̀ tàbí jẹ́ẹ̀lì nínú, tí wọ́n ní ó ń jẹ ìdajì iná. Iná ọ̀sán ni gbogbo wọn ń jẹ. Yúníìtì 15 lójúmọ́ lówó 15p jẹ́ £2.25, yúníìtì 15 kan náà lówó 32p jẹ́ £4.80, bó ti wù kí wọ́n pe ohun tó wà nínú hítà.

Wáyà: ibi tí owó tí ẹ ò ròtẹ́lẹ̀ ti ń jáde

Ọ̀pọ̀ hítà àtijọ́ ní wáyà kan ṣoṣo, ti òru. Hítà tuntun tó ní fáànù ń fẹ́ méjì: wáyà òru tó ń mú bíríkì gbóná, àti wáyà ọjọ́ gbogbo tó ń gbé kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, fáànù àti Boost, bọ́tìnnì tó ń fi iná ọ̀sán kún ooru. Ẹni tó bá ra hítà mẹ́rin láìmọ èyí á wá gbọ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fa wáyà mẹ́rin tuntun gba ara ògiri. Ẹ jẹ́ kí oníwáyà wá wo ilé kí ẹ tó sanwó ọjà. Àwọn hítà kan wà tó lè lo wáyà ọjọ́ gbogbo nìkan, kí aago inú wọn máa tan iná òru. Wọ́n dára níbi tí mítà bá ti ń yí owó padà fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n bí aago wọn bá ṣìnà pẹ̀lú wákàtí kan, wákàtí kan lójúmọ́ ni ẹ ó máa san lówó ọ̀sán.

Wáyà òru gbọ́dọ̀ jẹ́ ti hítà yẹn nìkan, látinú àpótí fíúùsì títí dé súwíìṣì 20 A ẹlẹ́nu méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hítà 3.3 kW ń fa nǹkan bí 14.3 A. 2.5 mm² ni wọ́n sábà máa ń lò gba inú ògiri, wáyà tó ń ti ara súwíìṣì wọ hítà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fara da ooru. Súwíìṣì méjèèjì, ti òru àti ti ọjọ́ gbogbo, ni kí wọ́n gbé síbi kan náà kí wọ́n sì kọ orúkọ sára wọn. Ẹni tó bá pa ọ̀kan tó ṣí hítà lè fọwọ́ kan iná èkejì.

Ẹ bi í pẹ̀lú pé fíúùsì ńlá ti ilé jẹ́ mélòó: 60, 80 tàbí 100 A. Gbogbo storage heater ló ń tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́rin oní-3.3 kW jẹ́ 57 A, ìgbóná omi 3 kW jẹ́ 13 A, ó ti di 70 A kí ẹnikẹ́ni tó tan kẹ́tùlù. Lórí fíúùsì 60 A, ẹ lè bá ara yín nínú òkùnkùn lóru. Ilé iṣẹ́ tó ni okùn iná agbègbè ló lè gbé fíúùsì náà sókè, kì í ṣe oníwáyà yín.

Ní England, fífa ọ̀nà wáyà tuntun wà lára iṣẹ́ tí Part P ti òfin ilé kíkọ́ kàn. Ẹ lo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NICEIC tàbí NAPIT, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Yíyọ ti àtijọ́

Ẹ ka orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà tó wà lára irin pélébé ẹ̀gbẹ́ hítà kí ẹnikẹ́ni tó tú u. Àwọn kan tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín ọdún 1970 sí 1979 ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń fara hàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí kò bá sí nọ́ńbà, tàbí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò dá yín lójú, ẹ má tú u, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì fọ́ ọ. Káńsù tàbí ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ fún asbestos ni kẹ́ ẹ pè.

Bí ó bá dájú pé kò ní asbestos, bí oníwáyà ṣe máa ń ṣe é nìyí:

1. Kó pa iná rẹ̀ lára ògiri àti nínú àpótí fíúùsì, kó sì fi sílẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ méjì. Ara irin lè tutù kí àárín bíríkì ṣì jóni.
2. Kó fi ẹ̀rọ ṣàyẹ̀wò pé kò sí iná mọ́. Àárín òru ni wáyà òru máa ń jí, nítorí náà súwíìṣì ara ògiri nìkan kò tó.
3. Kó tú irin iwájú, kó sì rọra gbé ohun ìdènà ooru kúrò. Ó máa ń fọ́, eruku rẹ̀ sì pọ̀. Kó bo imú, kó tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀.
4. Kó fa élímẹ́ǹtì jáde, kó wá gbé bíríkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti wọ́ hítà tí bíríkì wà nínú rẹ̀, òmíràn kọjá 100 kg.
5. Kó tú ìdè ara ògiri kẹ́yìn, torí òun ni kò jẹ́ kó ṣubú.

Ibùdó àtúnlò káńsù máa ń gba irin àti bíríkì, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ pín bíríkì sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ọkọ̀ kékeré.

Gbígbé tuntun sípò àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú kó sì lè gbé ẹrù náà. Ògiri páálí kò gbọ́dọ̀ gba skúrù lásán, kí wọ́n wá igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí kí wọ́n lo ìdè tó bá a mu. Ẹ má gbé hítà sábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àyè tó yẹ kó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti níwájú rẹ̀ wà nínú ìwé tó bá a wá, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó lu ihò. Bíríkì máa ń wá nínú páálí ọ̀tọ̀, ẹ kà á pé ó pé. Bí wọ́n bá fi agídí ti élímẹ́ǹtì gba àárín bíríkì tí kò dọ́gba, ó lè ya ohun ìdènà ooru, hítà tuntun á sì máa jò bíi ti àtijọ́.

Ìgbà díẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá gbóná, òórùn á jáde. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì gbé ẹyẹ ọ̀sìn kúrò nínú yàrá. Ẹ to ọjọ́ àti aago kí ẹ tó to ohunkóhun mìíràn, lẹ́yìn náà ni ìgbóná tí ẹ fẹ́ àti wákàtí tí ẹ ń wà nílé. Hítà tó ní ọpọlọ máa ń lo ọjọ́ mélòó kan láti fi mọ iye ooru tí yàrá ń jẹ, nítorí náà ẹ má máa yí i lójoojúmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má sì pa á lára ògiri láàárọ̀.

Ayálégbé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ hítà. Ẹ kọ̀wé sí onílé, kí ẹ so ohun tí mítà fi hàn mọ́ ọn. Onílé náà ní ìdí láti gbọ́: ní England àti Wales, ilé tí EPC rẹ̀ (ìwé tó ń fi bí ilé ṣe ń ṣọ́ iná lò hàn, láti A dé G) bá wà ní F tàbí G kò ṣeé fi háyà láìsí ìyọ̀ǹda pàtàkì, fífi hítà pẹlẹbẹ rọ́pò storage heater sì lè já ilé sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ni ilé tirẹ̀, tó ní àyè níta, kó gba iye owó heat pump pẹ̀lú kó tó pinnu. Boiler Upgrade Scheme, ètò ìrànwọ́ ìjọba fún England àti Wales, ń san £7,500 lórí èyí tó ń fa ooru látinú afẹ́fẹ́ tó sì ń mú omi ilé gbóná. Nínú fúláàtì, ẹ ní láti gba àṣẹ ẹni tó ni gbogbo ilé náà. Ẹ bi káńsù yín bóyá ìrànwọ́ wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún kò pọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sídìí mítà. Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì ní aago 9 àárọ̀ àti ní aago 9 alẹ́ ọjọ́ kan náà. Láàárín wákàtí 12 yẹn, nọ́ńbà òru kò gbọ́dọ̀ sún, ohun tí ìdáná, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n jẹ nìkan ló sì yẹ kó wà lórí nọ́ńbà ọ̀sán. Bí nọ́ńbà ọ̀sán bá fò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti tẹ Boost. Bí kò bá sí Boost, oníwáyà ti lè gbé wáyà òru àti ti ọjọ́ gbogbo sódì, bíríkì sì ń gbóná lọ́sàn-án gangan. Ẹ pa súwíìṣì méjèèjì, kí ẹ pè é padà lọ́jọ́ náà gan-an.